Ọwọ́ Tó Kan Adẹ́tẹ̀

 

Kíkà: Mátíù 8:1-13

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn méjèèjì pọ̀, ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀. Ìránṣẹ́ balógun ọ̀rún, Jésù kò tilẹ̀ dé ilé tó dùbúlẹ̀ sí. Ó sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, ara rẹ̀ sì yá ní wákàtí kan náà. Ṣùgbọ́n ní ti adẹ́tẹ̀, Ó na ọwọ́, Ó fi kàn án. Kí ló dé? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu Rẹ̀ kò lè kápá ẹ̀tẹ̀ ni? Ẹni tó lè wo ẹni tí kò fojú rí sàn kò nílò kó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Nítorí ọkùnrin náà ló ṣe nà án. Léfítíkù orí 13 ti ní kí irú wọn máa gbé lẹ́yìn ibùdó, kí wọ́n máa ké pé aláìmọ́ làwọn. Ta ló mọ ìgbà tí ènìyàn fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Ẹ sì kíyè sí i: kó tó mọ́ ni Jésù ti fọwọ́ kàn án.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí HIV àti àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ẹ̀rù wọn wà láàárín wa nínú ìjọ. Bí a bá gbọ́ fìnrínfìnrín pé wọ́n rí arábìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣófo. Níbi àsè, abọ́ tí wọ́n máa jù nù ni wọ́n á fi bu oúnjẹ fún un. Àwọn mìíràn kò ní mu nínú ife Ìdàpọ̀ Mímọ́ mọ́ bó bá ti mu ṣáájú wọn. Kò sẹ́ni tó bú u o. Wọ́n kàn sún sẹ́yìn ni. Nítorí irú ìsúnsẹ́yìn yẹn, àwọn kan kọ̀ láti ṣàyẹ̀wò, àwọn mìíràn ń fi oògùn pamọ́ títí wọn ò fi lò ó déédéé mọ́. Ìyẹn ló ń pa ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. HIV kì í ti ara bíbọwọ́, dídìmọ́ra, ife, ṣíbí, àga, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òógùn tàbí ikọ́ ran ènìyàn. Ẹ̀fọn kò lè gbé e. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí nínú ọmú, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Hepatitis B náà kì í ti ara bíbọwọ́ tàbí jíjẹun pọ̀ ranni. Ẹni tó ní HIV tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò tilẹ̀ lè kó o ran aya tàbí ọkọ rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Àwa wá ń sá fún ọwọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì!

Ẹni tó ń nu ife kó tó mu yìí kan náà ló ń jókòó sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ ní Sátidé, tí kò ní béèrè bóyá wọ́n ti fọ kílípà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti la ojú, jàre. Kòkòrò hepatitis B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lórí abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Kí wọ́n kàn fi aṣọ nù ún kò tó. Abẹ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ilé ńkọ́? Kí oníkálukú ní abẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B sì wà. Kí ọmọ tuntun gbà á láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i. Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn bá gún yín, ẹ má kàn jókòó máa gbàdúrà. Ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí wákàtí 72 má kọjá: oògùn wà tí wọ́n lè fún yín lò fún ọjọ́ 28 kí HIV má baà ráyè.

Mo fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Ìwọ tí o bọ ẹnì kan lọ́wọ́, tí o rí egbò kékeré ní ìka rẹ̀, tí o kò sì tíì sùn dáadáa láti ìgbà náà. O ti ṣàyẹ̀wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. O lọ síbòmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Síbẹ̀ ò ń fọ ọwọ́ títí ó fi ń bó, o tún ń wo fóònù lóru, ò ń wá àmì àìsàn. N kò ní sọ pé o kò nígbàgbọ́. Irú ẹ̀rù yìí kì í yó. Bí o bá fún un ní èsì kan, á béèrè òmíràn. Àyẹ̀wò kẹrin kọ́ ló kù. Sọ nípa ẹ̀rù náà fúnra rẹ̀ fún dókítà, nítorí òun náà lè di àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Sọ fún àlùfáà rẹ pẹ̀lú, má dá nìkan gbé e. Balógun ọ̀rún gba ọ̀rọ̀ kan péré, ó yí padà sílé. Bí dókítà bá ti sọ pé ó parí, gba ọ̀rọ̀ náà kí o lọ sùn.

Àdúrà: Jésù Olúwa, Ìwọ tí O na ọwọ́ sí ẹni tí gbogbo ìlú sá fún, sún wa mọ́ ẹni tí a ti sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Fún ẹni tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó sùn ní oorun lálẹ́ òní. Àmín.