Orí Ta Ni Wọ́n Fẹ́ Bẹ́?

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìgbàkúùgbà tí ìjọba bá ti ní òun fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, òwe yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, gbogbo wa a sì mi orí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òótọ́ ni lóòótọ́. Àmọ́ a máa ń yára pa òwe náà tì lẹ́yìn tí a bá ti fi gba ẹjọ́ ara wa rò. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tẹ́tí sí i yóò rí i pé ó ń bá ìjọba wí, kò sì yọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí òwe náà kọ́kọ́ gbà ni pé orí ń fọ́. Kò pe aláìsàn ní òpùrọ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ pé kí wọ́n yẹ àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀ wò. Stephen Oronsaye, tó ti jẹ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí, ló ṣe alága. Nígbà tí wọ́n jábọ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2012, ìwé wọn tó 800 ojú ewé, àjọ tí wọ́n kà sì jẹ́ 541. Wọ́n dábàá pé kí àwọn tí òfin dá sílẹ̀, tí wọ́n jẹ́ 263, wálẹ̀ sí 161, kí a sì pa 38 rẹ́ pátápátá. Ẹ wo ìjà tí à ń bá ìwà jẹgúdújẹrá jà nìkan: ICPC wà, EFCC wà, àjọ tó ń ṣọ́ ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba náà sì ti wà ṣáájú àwọn méjèèjì. Olúkúlùkù ló ní alága, ọ́fíìsì, ọkọ̀ àti awakọ̀ tirẹ̀. Ta ló máa rí èyí tí yóò ní orí kò fọ́?

Òwe náà kò sì sọ pé kí a fi orí sílẹ̀ kó máa fọ́. Ó dárúkọ oògùn. Ó gbà pé oògùn kan wà níbì kan, pé ojúṣe ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ni láti wá a kàn, kì í ṣe kó nawọ́ mú ohun tó bá sún mọ́ ọn jù. Ibí yìí ni mo ti rò pé àwa tó fẹ́ràn òwe náà máa ń rẹ́ ẹ jẹ. A fi í lé oníṣègùn lọ, a wá jókòó ti aláìsàn. Bẹ́ẹ̀, oògùn wà o. Lóṣù kejì ọdún 2016, iléeṣẹ́ ìṣúná kéde pé àwọn ti yọ orúkọ 23,846 kúrò nínú ìwé owó oṣù ìjọba àpapọ̀, àwọn orúkọ tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn. Kò sí ọmọ ẹnikẹ́ni tó sùn lébi nítorí orúkọ tí kò lẹ́nu. Àwọn tó ń gba owó náà lábẹ́lẹ̀ nìkan ló máa dùn.

Kókó ibẹ̀ tó ká mi lára jù lọ rèé. Nínú òwe náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ni orí tó ń fọ́, òun náà ló sì ni orí tí wọ́n fẹ́ bẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi yé ọmọdé: ta ni yóò pa ara rẹ̀ kí ara lè tù ú? Ìwà òmùgọ̀ ni òwe náà ń dẹ́bi fún. Ṣùgbọ́n ní ti ìjọba, orí tó ń fọ́ wà l'Ábújà, tàbí ní Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ l'Ágodi. Orí tí wọ́n ń pọ́n àdá dè wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Tí wọ́n bá bẹ́ ẹ, ara yóò tu ẹni tó di àdá mú ní tòótọ́. Ìwé ìṣirò rẹ̀ yóò gún régé. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òmùgọ̀, ó ti di ìrẹ́jẹ, ó sì yẹ kí a bínú sí i ju bí a ti ń bínú sí òmùgọ̀ lọ.

Ẹ wá sí Sábó ní ìparí oṣù, ì báà jẹ́ ti Ọ̀yọ́, ì báà jẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn Haúsá tó tẹ àdúgbò wọ̀nyí dó kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba kankan. Màlúù, ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti súyà ni wọ́n fi ń jẹun. Àmọ́ ẹ bẹ ìdí tábìlì alápatà wò: ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sí létí, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ sínú rẹ̀. Màmá Tíṣà, kílò méjì. Ìyá Nọ́ọ̀sì, kílò kan àti ṣàkì. “Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, tí àláàtì bá ti wọlé báyìí.” Àlájì a kọ ọ́, torí ó mọ̀ pé bí owó ìjọba bá tilẹ̀ pẹ́, yóò dé. Òun náà jẹ ẹni tó kó màlúù wá láti Òkè Ọya ní gbèsè, onítọ̀hún sì jẹ onímọ́tò. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ orúkọ Màmá Tíṣà kúrò nínú ìwé owó oṣù, orúkọ rẹ̀ kò kúrò nínú ìwé Àlájì. Kò sì sí ìgbìmọ̀ kankan tó ń ṣírò ìwé yẹn mọ́ owó tí wọ́n ní àwọn fi pa mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn kárí ayé. Ní 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró. Ní oṣù kẹta, Marco Rubio, mínísítà wọn fún ọ̀rọ̀ òkèèrè, kéde pé ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ USAID, àjọ tó ń pín ìrànlọ́wọ́ náà, ti di fífagi lé. Nígbà tó fi máa di 1 oṣù keje, wọ́n ti ti àjọ náà pa. Orí tó ń fọ́ wà ní Washington. Àwọn tó ń lo oògùn HIV lọ́dọ̀ wa ni àyà wọn já, Nàìjíríà sì sáré fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù kí oògùn má bàa tán.

Tiwa náà ti bẹ́ orí rí. Lẹ́yìn tí Murtala Mohammed gbàjọba lóṣù keje ọdún 1975, òṣìṣẹ́ tó lé ní 10,000 ló pàdánù iṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn kan jalè, àwọn kan ti gbó sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ṣe nǹkan kan náà bá a lọ, láìsí ẹjọ́, láìsí ìgbẹ́jọ́. Ará ìlú pàtẹ́wọ́ nígbà náà. Àwọn tó ṣẹ́kù sí ọ́fíìsì ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rí i pé rédíò lè fi ìkéde kan pa ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ rẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí wọn yóò fi dúró kí ìkéde tiwọn tó dé. Mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ní ibẹ̀ ni àìfọ̀kànbalẹ̀ ti wọ iṣẹ́ ìjọba, tí àìfọ̀kànbalẹ̀ sì bí olè púpọ̀ sí i. Orí tí wọ́n ní àwọn ń wò tún wá ń fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ní àpẹẹrẹ tó yàtọ̀. Ọdún 1990 ni wọ́n dá yunifásítì tí à ń pè ní LAUTECH sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ilé ẹ̀kọ́ kan di ti ìpínlẹ̀ méjì. Nígbà tó yá, owó kò jáde déédéé mọ́, èyí ní ìyẹn ni kò san tirẹ̀. Láti ọdún 2016 wọ 2017, ìyanṣẹ́lódì ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa fún oṣù púpọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé gbélé-ẹ fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ owó oṣù kò wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn lọ, àdúgbò Under G tí wọ́n máa ń kún fọ́fọ́ wá dá wáí. Àwọn kan lè ní kí wọ́n dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, kí ìdajì yòókù lè máa rí owó gbà. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé iléeṣẹ́ KPMG wá láti yẹ ìwé owó wò. Níkẹyìn, ní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ méjèèjì pín gaàrí: Ọ̀yọ́ nìkan ló ni LAUTECH, Ọ̀ṣun mú ti ìlera tó wà l'Óṣogbo. Àwọn olówó méjì tó ń ti ẹrù síra wọn lọ́rùn ni àìsàn náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì tọ́jú. Ó pẹ́ jù, ìyà ti jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n tó ṣe é, ṣùgbọ́n oògùn ni, kì í ṣe àdá.

Èyí ni mo ń retí l'Ábújà. Ní 26 oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú ìwé Oronsaye lò. Wọ́n ní àwọn yóò da àjọ 29 pọ̀, mínísítà tó ń rí sí ìròyìn sì ní kì í ṣe láti lé òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n mínísítà 45 ni ìjọba kan náà ti búra fún lóṣù kẹjọ ọdún 2023. Lóṣù keje ọdún 2024 kan náà, iléeṣẹ́ mínísítà tuntun yọ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, àjọ ìdàgbàsókè tuntun sì yọ fún Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ará Sábó gbà wọ́n gbọ́, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn alága, àwọn ọ̀gá àgbà àti ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé wọn sínú ìwé kan náà tí wọn yóò kọ orúkọ akọ̀wé àti awakọ̀ sí, kí wọ́n to ti àwọn ọ̀gá sókè, kí wọ́n sì gbé ìwé náà jáde kí gbogbo ènìyàn kà á kí àdá tó kan ẹnikẹ́ni.