“Waa” Níwájú Ọlọ́run

Ní ìlú Ẹnúgù, ọ̀rọ̀ kékeré kan ti di orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tó ni ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ Ígbò bá fẹ́ kọ nǹkan, “mba” ni wọ́n ń wí. Àwọn ará Ngwo, Nkanu àti Udi a máa wí pé “waa”. Láti ibẹ̀ ni àwọn Ígbò yòókù ti ń pè wọ́n ní Wawa, wọ́n sì fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ wọn bí ará oko. Ìbéèrè tí èyí gbé síwájú wa ju ti gírámà lọ: ṣé ohùn tí ìletò díẹ̀ ń fọ̀ kéré lójú Ẹni tó dá ẹnu?

Ẹ wo Bíbélì Ígbò tí míṣọ́nnárì Thomas John Dennis àti àwọn Ígbò tó bá a ṣiṣẹ́ parí ìtumọ̀ rẹ̀, tí ó jáde ní 1913. Ẹ̀ka-èdè márùn-ún ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀: ti Onitsha, Owerri, Arochukwu, Unwana àti Bonny. Kò sí ìyá tó fi àpòpọ̀ náà rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún rí, ti Wawa kò sì sí nínú márààrún. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “waa” jẹ́ àbùkù èdè Ígbò ti gbé ọ̀rọ̀ náà sódì: èdè ìwé ni ọmọ ènìyàn tò jọ, èdè ilé la bí wa bá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ tiwa. Èkìtì tó ń pe ilé ní “ulé”, tó ń pe igbá ní “ugbá”, kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Òfin kan ló ń pa mọ́ láìsí tíṣà. Bí ọmọdé bá rú òfin yẹn, ìyá rẹ̀ á tún un sọ. Níbi tí òfin wà, làákàyè ń bẹ níbẹ̀. Níbi tí làákàyè wà, àdúrà lè ti ibẹ̀ jáde ní pípé.

Àwọn kan á ní láìsí èdè àjùmọ̀lò, àwọn ọmọ wa kò ní rí ìwé kan náà kà. Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí ìwé náà wà. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí gbogbo ọjà ń lò kò sọ igbá tó wà nílé di aláìpé. Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè, kí ló wá kù tí à ń jà sí? Ọlọ́run kò pàdánù nǹkan kan lóòótọ́. Ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá, tó ní láti kọ́kọ́ yá ọ̀rọ̀ kó tó lè ké, òun ló pàdánù. Ìwé Mímọ́ fi ọ̀nà méjì tí a lè gbà gbọ́ ohùn ẹlòmíràn hàn wá. Nínú Àwọn Onídàájọ́ 12, ní ìwọdò Jọ́dánì, ènìyàn ló ń pa ẹni tí kò lè pe “ṣ”. Ará Ìbàdàn tó ń wí “sé” dípò “ṣé” kì bá là á já. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Ẹ̀mí kò sọ ahọ́n gbogbo ayé di ẹyọ kan: olúkúlùkù ló gbọ́ èdè tí a bí i sí.

Bí obìnrin ará Ngwo bá wá kúnlẹ̀, tó kọ ikú fún ọmọ rẹ̀, “waa” ni yóò wí. Kò sí ohun tó kù kí “rárá” náà tó pé.