ÌDÁKẸ́JẸ́ NÍ Í BÍ ÌWÀ PẸ̀LẸ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀yin ìjọ tí ẹ wá bá wa ṣe àjọ̀dún, ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwa tí a ń gbé Ajah mọ ohun tí ojú yín rí láti Jakande títí dé Abraham Adesanya kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà kò ní nà wá o.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ lójú ọ̀nà yìí ló fa ohun tí a fẹ́ sọ. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá àgbà kan wọlé àdúrà nígbà tí ìwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwa akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà. A sọ lójú gbogbo ènìyàn pé, “Ìyá, ká ní ọjà lẹ ń lọ ni, ẹ̀ bá ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́.” Ìyá náà kò fèsì. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Ẹ̀yìn náà ni a gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọmọ wọn tó ń ṣàìsàn ni wọ́n sùn mọ́jú. Ojú tì wá. Bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, a ti gbàdúrà fún odindi wákàtí kan, ohùn wa sì dé ìgboro.

Kí ló dé tí ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán fi lè gún ènìyàn lọ́kàn?

Lójú tiwa, ẹsẹ̀ méjì ni àdúrà ní. Ọ̀kan ni kí a bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Àwa Aládùúrà mọ èyí ṣe dáadáa. Èkejì ni kí a dákẹ́ kí Òun náà lè bá wa sọ̀rọ̀. Èlíjà rí ìjì, ìsẹ̀lẹ̀ àti iná ní Hórébù, ṣùgbọ́n ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló gbọ́ gbẹ̀yìn. Ísáákì pẹ̀lú a máa lọ ṣe àṣàrò nínú pápá lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn baba wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, wọ́n pe Moses Orímọládé, Baba Aládùúrà tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn dáadáa, sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà, Abíọ́dún Akíńsọ̀wọ́n, tó wà nínú ìran. Ó gbàdúrà, ọmọ náà dìde, Kérúbù àti Séráfù sì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1929, àwọn méjèèjì pínyà. A kò sọ èyí láti dá àgbà lẹ́jọ́ o. Bí àwọn tí agbára wọn tó bẹ́ẹ̀ bá lè pínyà, kí àwa náà ṣọ́ra.

Ẹlòmíràn á ní, “Ẹni bá rọra l'Ékòó, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.” Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Àwọn tí a lé kúrò ní Maroko ní oṣù keje ọdún 1990, tí púpọ̀ wọn wá sí apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, mọ ohun tí ipá ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ kò ní ká má sọ òótọ́. Ó ní ká má fi òótọ́ tàbùkù ènìyàn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ohun tí a ń ṣe nísinsìnyí kò ṣòro. Kí a tó jáde láàárọ̀, a ń jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kò tọrọ ohunkóhun. A ń gbé ojú ẹni tó ṣẹ̀ wá síwájú Ọlọ́run, a sì ń bi ara wa pé: ẹrù wo ló wà lórí ẹni yìí tí a kò rí? Ìjókòó náà kò tíì sọ wá di áńgẹ́lì, ṣùgbọ́n ẹnu wa ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa yìí, òkun ń pariwo níwájú, ọ̀sà dákẹ́ lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ló ń gbé ọkọ̀.

A lọ bẹ ìyá náà nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Akọ̀wé, kí n tó dìde lórí eékún lọ́jọ́ náà ni mo ti dárí jì yín.” Àwa rò pé wọn kò rí èsì fọ̀ ni!

Kí Ọlọ́run fi irú ọkàn bẹ́ẹ̀ fún wa. Ẹ kú àjọ̀dún. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ