Ǹjẹ́ Àlejò Olówó Ha Jẹ́ Àlejò Bí?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mi dá sí i: bí ènìyàn bá fi owó gba ibi tí yóò sùn, ǹjẹ́ a lè wí pé wọ́n gbà á ní àlejò? Àwọn àgbà tí mo bi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òwò ni òwò ń jẹ́. Ẹni tí ó ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ kò lè sọ pé ẹlẹ́kọ ṣe òun lálejò. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ibẹ̀ ni ó parí sí.

Ẹ jẹ́ kí á mú àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké àárín ìgboro tí wọ́n ń pè ní bùtíìkì. Morgans, tí Ian Schrager àti Steve Rubell ṣí ní New York ní 1984, wà lára àwọn tí ó sọ irú wọn di olókìkí. Ọ̀rọ̀ Faransé ni bùtíìkì, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ṣọ́ọ̀bù kékeré lọ. Mo ti wọ̀ sí ọ̀kan ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí Russell Square. Yàrá ibẹ̀ kò pọ̀, kò sì sí èyí tí ó jọ èkejì. Ọmọge tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ti mọ orúkọ mi kí n tó lanu, ó sì ní ilé mi ni mo dé yìí. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí lọ́kàn. Ilé wo? Ní ilé tèmi, bí n kò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì yóò ní kí n kó ẹrù mi jáde ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀.

Síbẹ̀ èmi kò bá wọn bú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí àwa náà ti ń gba àlejò. Omi ni a kọ́kọ́ ń bù fún un, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè: ọmọ ta ni? Ará ibo ni? Ta ni ó mọ̀ níhìn-ín? Ẹni tí a bá mọ bàbá rẹ̀ ti di ọmọ ilé. Ẹni tí a kò mọ̀ ńkọ́? Àwa tí a ń fi ìgbàlejò yangàn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa onítọ̀hún. Owó kì í bèèrè bàbá ẹni, oore ńlá sì ni èyí fún ẹni tí kò ní ará nínú ìlú.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n ní Russell Square yìí kan náà, ní oṣù keje ọdún 1943, Learie Constantine, ọmọ Trinidad tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, gba yàrá fún òru mẹ́rin ní Imperial Hotel, fún òun, aya rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n sọ fún wọn pé òru kan péré ni wọ́n lè sùn, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó wọ̀ síbẹ̀ kò ní fẹ́ bá aláwọ̀ dúdú gbé. Wọ́n kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Constantine pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1944 Adájọ́ Birkett dá a láre, nítorí òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé onílé-èrò kò gbọdọ̀ kọ arìnrìn-àjò tí ó lè sanwó láìnídìí. Pọ́n-ùn 5 àti ṣílè 5 ni ó ní kí wọ́n san fún un.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Bí ó bá ṣe pé ibùsùn nìkan ni wọ́n ń tà, wọn kò jẹ Constantine ní nǹkan kan, nítorí ó rí ibùsùn tí kò burú. Bí ẹlẹ́kọ bá mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ kejì, tí mo sì yó, kò ṣẹ̀ mí. Kí ni wọ́n wá fi du ọkùnrin yìí? Ìgbàlejò náà ni: kí a rí ọ lẹ́nu ọ̀nà, kí a má sì wá ohun tí o fi kéré. Owó kò rà á, owó sáà wà lọ́wọ́ Constantine. Gbèsè ni, ó sì wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣílẹ̀kùn fún èrò, ìbáà gbowó, ìbáà má gbà á.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ti mọ èyí ṣáájú. Ẹgbẹ́ WASU tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925 ṣí ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Camden Road ní 1933, nítorí owó ilé wà lọ́wọ́ wọn, ilé ni kò sí. Kì í sì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan. Ní 1947, ní Èkó níbí, Bristol Hotel kọ̀ láti fún Ivor Cummings ní yàrá, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró. Ariwo ọ̀ràn náà gba ìlú kan!

Ṣé onílé nìkan ni ó wá ń jẹ gbèsè? Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo wí yẹn, bí mo bá ti jáde ni ibùsùn mi ń di títẹ́. N kò rí ẹni tí ń tẹ́ ẹ. Nílé wa, àlejò mọ ẹni tí ó gúnyán, yóò sì kí i. Níbẹ̀, owó tí mo san ni ó dà bí ẹni pé ó ti bá mi kí i tán. Ní ọjọ́ kẹta mo dúró dè é. Obìnrin kan tí ó tó ìyá mi ni. Mo kí i, mo sì bi í ní orúkọ. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, kí ni òun gbàgbé láti ṣe?