Ó Bẹ̀rù, Síbẹ̀ Ó Tẹ̀lé Àṣẹ Ọlọ́hun

Bísímílàhi Rahmáni Rahími. 

 

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, nítorí ìyẹn jẹ́ iyì fún ẹrú. Ìbẹ̀rù ẹ̀dá ni: ìbẹ̀rù ọ̀gá níbi iṣẹ́, ìbẹ̀rù owó ilé, ìbẹ̀rù ohun tí àwọn èèyàn máa wí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tí kì í pa Jímọ́ọ̀ jẹ nígbà tí ó wà ní Nàìjíríà lè ti lo ọdún mẹ́ta ní Missouri City níbí láì tíì lanu béèrè wákàtí kan lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin lè máa ṣí híjáàbù nínú mọ́tò kí ó tó wọ ibi iṣẹ́. Ọmọ wa lè jẹun ní ilé ìwé lọ́sàn-án nítorí ojú tì í, kí ó wá bá wa jókòó ṣínu ní ìrọ̀lẹ́. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbẹ̀rù ń bẹ lára gbogbo wa.

Ohun tí ó máa ń tàn wá jẹ ni pé a rò pé ọkàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ ká tó tẹ̀lé àṣẹ. A ó ní, "Tí mo bá ti gba ìwé ìgbélùú, tí iṣẹ́ mi bá ti fìdí múlẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀." Ẹ jẹ́ ká wo ìyá Ànábì Mùsá nínú Súrátùl Kọ́sọ́sì, súrà 28.

Fíríáónà ń pa àwọn ọmọkùnrin tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń bí. Obìnrin yìí bí ọkùnrin. Nínú áàyà keje, Ọlọ́hun pa àṣẹ méjì fún un: kí ó fún ọmọ lọ́mú, kí ó sì gbé e sí ojú omi nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ó ní kí ó má bẹ̀rù, kí ó má sì banújẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ó ṣe ìlérí méjì: Òun yóò dá ọmọ náà padà fún un, Òun yóò sì sọ ọ́ di òjíṣẹ́. Ẹ kíyè sí i. Ọlọ́hun kò dúró kí ẹ̀rù lọ kí Ó tó pàṣẹ. Ìgbà tí ẹ̀rù bá dé gan-an ni Ó fi àṣẹ náà sí.

Ṣé ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ nígbà tí ó gbé ọmọ sómi tán? Rárá o. Áàyà kẹwàá sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ ṣófo, díẹ̀ ló kù kí ó tú àṣírí ara rẹ̀, bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun di ọkàn rẹ̀ mú. Nítorí náà, ẹ̀rù kì í ṣe àmì pé ìgbàgbọ́ kò sí. Ó kọ́kọ́ ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe, lẹ́yìn náà ni Ọlọ́hun mú ọkàn rẹ̀ dúró. Àwa a máa fẹ́ kí ó jẹ́ ìdàkejì.

Ẹ sì wo ohun mìíràn. Ó rán ẹ̀gbọ́n Mùsá obìnrin pé kí ó máa tọ ipasẹ̀ ọmọ náà. Ó gba ìlérí Ọlọ́hun gbọ́, síbẹ̀ ó rán èèyàn. Ìyẹn ni ìgbáralé. Nínú hádíìsì tí Imam Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ kí òun sì gbáralé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbáralé E. Ó ní kí ó so ó, kí ó sì gbáralé Ọlọ́hun.

Èyí kò ṣàjèjì ní ìlú wa. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey dé tí odò Brazos sì kún, ìjọba ní kí àwọn tó wà ní àwọn àdúgbò kan ní Missouri City kúrò nílé. Ẹni tí ó kó ọmọ sínú mọ́tò tí ó lọ kò ṣàìgbáralé Ọlọ́hun. Ó so ràkúnmí rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ibi iṣẹ́. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1964 sọ pé ilé iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ wá àyè fún ẹ̀sìn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àyàfi tí yóò bá kó ìnira ńlá bá iṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ túbọ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ìnira kékeré kò tó àwáwí. Gerald Groff, Kìrìsìtẹ́nì tí ó ń pín lẹ́tà, tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, ni ó pe ẹjọ́ náà. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2019 kí ẹjọ́ tó dé ibẹ̀. Àwa tí a ń wá àyè Jímọ́ọ̀ ń jẹ àǹfààní ìdúró rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè, ẹ sọ bí ẹ ó ṣe san wákàtí náà padà.

Ṣùgbọ́n a kò ní tan ara wa. Ó lè ná wa ní nǹkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ní Àbújá, Firdaus Amasa, tí ó kàwé òfin ní Yunifásítì Ìlọrin, dé ibi ayẹyẹ ìgbàwọlé àwọn agbẹjọ́rò tuntun. Ó fi wíìgì agbẹjọ́rò lé orí híjáàbù. Wọ́n ní kí ó ṣí híjáàbù, ó kọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ó wọlé. Ẹ ro gbogbo ọdún tí ó fi kàwé, ẹ ro òbí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ sọ̀yà fún un lọ́jọ́ náà pé wọn yóò tún pè é. Oṣù Keje ọdún 2018 ni wọ́n tó gbà á wọlé, híjáàbù sì wà lórí rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè dúró bẹ́ẹ̀ kí ó má rí tirẹ̀ gbà padà láyé níbí. Ọlọ́hun kò ṣèlérí pé a kò ní pàdánù. Ó ṣèlérí pé Òun tó ẹni tí ó bá gbáralé Òun. Ẹni tí Ọlọ́hun tó, kí ló kù ún kù?

Nítorí náà, kí Ramadan yìí tó parí, kí oníkálukú mú ohun kan ṣoṣo tí ìbẹ̀rù ti ń dá a dúró lórí rẹ̀. Kí ó kí rákà méjì, kí ó ṣe àdúà, kí ó sì ṣe é, bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà á. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ yín léèrè nídìí oúnjẹ ìṣínu pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù nílé ìwé. Ẹ má kọ́kọ́ bá wọn wí. Ẹ kọ́kọ́ sọ èyí tó ń ba ẹ̀yin náà lẹ́rù fún wọn.

Ọlọ́hun tí Ó di ọkàn ìyá Mùsá mú, kí Ó di ọkàn tiwa náà mú. Kí Ó má fi ìbẹ̀rù ẹ̀dá gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ àwa àti àwọn ọmọ wa. Kí Ó jẹ́ ká rí òru Láílátùl Kọ́dírì, kí Ó sì gba àwẹ̀ wa. Àmín.

Wàsàlámù aleikum wa ràhmátúlláhì wa bàrákátùhú.