Ṣé Lóòótọ́ Ni Ikú Yá Ju Ẹ̀sín?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Ìwòròkò, nítòsí Adó-Èkìtì, kó owó ilé-ìwé rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó àjọ ìyá rẹ̀, ó fi sínú ètò orí fóònù kan tó ní òun á sọ owó di ìlọ́po méjì. Ètò náà fọ́. Ọ̀rẹ́ mi ò jáde mọ́. Nígbà tí mo lọ wò ó, ó ní: "Ikú yá ju ẹ̀sín, jàre." Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bá ṣí Ọ̀run Móoru lórí fóònù mi, fíìmù tí Ọlá Balógun darí ní 1982, tí Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá ará Iléṣà, ṣe olú òṣèré rẹ̀. Fíìmù ẹ̀rín ni, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn rẹ̀: ayédèrú babaláwo lu oníṣòwò kan, Lámídì, ní jìbìtì. Ayé sú Lámídì, ó fẹ́ kú. Ikú fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, kó padà sílé.

Ṣé ó tọ́ ká máa fi ẹ̀rín bá ẹni tó ń sunkún sọ̀rọ̀?

Ní 1998, Martin Seligman, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ní kí ẹ̀kọ́ wọn má kàn máa wo àìsàn nìkan, kó tún wo ohun tó ń gbé ènìyàn ró. Ohun tí wọ́n ń pè ní positive psychology nìyẹn. Àwọn kan rò pé ó túmọ̀ sí "ṣáà máa rẹ́rìn-ín." Rárá o. Nínú ìwádìí tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005, wọ́n ní kí àwọn kan kọ ohun mẹ́ta tó lọ dáadáa sílẹ̀ lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ìbànújẹ́ wọn dín kù fún oṣù mẹ́fà. Wọn ò gbàgbé ìṣòro. Ojú wọn kàn tún ríran kọjá rẹ̀ ni.

Fíìmù náà ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ò lè sọ pé "èmi," ṣùgbọ́n ó lè sọ pé "Lámídì." Ó ní, "Lámídì yìí mà gọ̀ o." Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi náà nìyẹn." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún ìyá rẹ̀. A tún jọ lọ rí dókítà, torí fíìmù kì í ṣe oògùn.

Ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ là ń pe Èkìtì, ìtìjú sì máa ń wúwo níbi tí iyì bá ti pọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ hùwà àìtọ́ ni òwe yẹn ń kìlọ̀ fún. Kì í ṣe ẹjọ́ tí a dá fún ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ. Bàbá Sàlá gan-an, àwọn olè jí Ọ̀run Móoru dà kọ, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Síbẹ̀ ó tún ṣe fíìmù mìíràn, Mosebólátán. Ẹ tú orúkọ yẹn wò: mo ṣe bí ọlá tán. Ọdún 2018 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 82.

Tẹ́ ẹ bá ṣí fíìmù fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ẹ má wo fóònù nìkan. Ẹ wo ojú rẹ̀. Tó bá parí, ẹ bi í pé: "Kí lo rí níbẹ̀?" Kẹ́ ẹ sì dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́.