Àsìkò Ta Ló Ń Ṣòfò?

Ọ̀pọ̀ wa ti jí ní aago mẹ́rin ìdájí rí, ká lè tètè gba nọ́ńbà ní ọsibítù ìjọba. A débẹ̀, a bá àwọn tó sùn sí ẹnu géètì mọ́jú. Ká tó gba káàdì, ká tó sanwó, kí wọ́n tó wá fáìlì wa rí, oòrùn ti kan àtàrí. Dókítà wá rí wa fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ̀bi dókítà kọ́ o. Wọn ò tó, ọ̀pọ̀ ti jápa. Ní ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí ní Àbújá pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná làwọn máa ná sórí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa, tó gbà wọ́n lálejò, ò tíì débẹ̀.

Nítorí pé dókítà ò tó ni wọ́n ṣe ń kó wa jọ láti ìdájí, kó má baà dúró de ẹnikẹ́ni. Tí dókítà bá jókòó lásán fún wákàtí kan, wọ́n á ní òfò ni. Ìyá aláta jókòó fún wákàtí mẹ́fà, ọjà ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sílẹ̀.

Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló máa tún un ṣe. Ó dáa, tí iná ò bá lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà lè kó wa jọ láti ìdájí.

Ká ní wọ́n fún kálukú ní aago tirẹ̀ ńkọ́? Dókítà lè dúró díẹ̀ nígbà míì. Àwa fara mọ́ ọn. Ìyá aláta á ti pàtẹ, á ti ta ti àárọ̀, kó tó wọ mọ́tò wá.